Ìpín Tó Wà Lórúkọ Bàbá Ẹ̀rọ

Èmi ni mo mú kọ̀ǹpútà wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Ibafo, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Kí n tó débẹ̀, ìwé ńlá mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, ìyẹ̀fun àgbàdo sì ti kún inú wọn débi pé tí o bá ṣí wọn, wàá sín. Mo ti lo oṣù mẹ́fà gbáko ní yàrá kan lẹ́bàá ọjà Mowe, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Owó tí mo san níbẹ̀ dùn mí wọra, mo sì ti pinnu pé ẹni tó bá gbà mí síṣẹ́ á mọ̀ pé mo sanwó kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Yàrá kan ni mo háyà ní Mowe, mo gbọ́n lójú ara mi, mo sì lẹ́nu.

Alága ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é nínú ìtàn yìí, torí pé ó tó bí mi lọ́mọ, àmọ́ ọwọ́ mi ò gbà á, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Kì í pariwo mọ́ òṣìṣẹ́, kì í sì í bú ènìyàn. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Tó bá ti pè ọ́ ní "ọmọ mi dáadáa" lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí o yáa máa wá ohun tí o ṣe.

Ní nǹkan bí 2007, kò sí ibi tí ènìyàn á yà sí tí wọn ò ti ní máa sọ̀rọ̀ ṣíà, ìyẹn ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Tíṣà ń rà á, pásítọ̀ ń rà á, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lójú ọ̀nà márosẹ̀ dá mi dúró lọ́jọ́ kan pé kí n sọ èyí tí òun lè rà fún òun. Alága náà rà. Owó tó yẹ kó fi ra ẹ̀rọ tuntun ló kó lé e, ó ní tó bá fi máa di àmọ́dún, èrè ibẹ̀ á ra ẹ̀rọ méjì. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa tọ́jú gbogbo ìpín náà sínú kọ̀ǹpútà: mélòó ni, èló la rà á, èló ló ń lọ lónìí. Ní ọ̀sán gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń tẹ alágbàtà tó ń bá wa rà á láago ní Èkó. Á ka iye tuntun fún mi, màá tẹ̀ ẹ́ wọlé, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ìyókù. Èrè máa ń jáde ní àwọ̀ ewéko, àdánù ní pupa. Alága á dúró sẹ́yìn àga mi, á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wò ó.

Nígbà tó yá, ilé ìfowópamọ́ kan fẹ́ ta ìpín tuntun fún ará ìlú. Alágbàtà pè wá pé kí a má fi orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan béèrè, torí pé ẹni tó bá béèrè púpọ̀, wọ́n máa ń gé tiẹ̀ kù, ẹni tó bá béèrè níwọ̀nba ni wọ́n máa ń fún ní gbogbo ohun tó fẹ́. Ọgbọ́n tí gbogbo ayé ń dá sí i ni pé kí wọ́n pín owó náà sí orúkọ púpọ̀. Orúkọ ọmọ ni àwọn kan ń lò, àwọn kan ń lo orúkọ ìyá ìyàwó. Mo mọ ẹnì kan tó lo orúkọ ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ò tíì bí. Alága ní kí a lo orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Mẹ́sàn-án ló yàn, kò sì pín in dọ́gba. Ẹni tó fọkàn tán jù ló di èyí tó pọ̀ jù mọ́ lórúkọ.

Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, torí pé ìkọ̀wé mi dára. Alágbàtà ti kìlọ̀ pé tí wọ́n bá rí àdírẹ́sì kan náà lórí fọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án, wọ́n á fura, wọ́n á sì dà á nù. Nítorí náà, àdírẹ́sì ilé oníkálukú ni mo kọ síbẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni mo pe ìyẹn. Mo tiẹ̀ lọ sọ fún Alága kó lè yìn mí.

Ẹni tó fọkàn tán jù náà ni Bàbá Ẹ̀rọ. Àwọn ni wọ́n ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ò tíì ní ògiri. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, Ifọ̀ ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn, wọ́n á sùn sí Ibafo láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọn ò lọ sílé-ìwé, ilé kéwú ni wọ́n lọ. Tí wọ́n bá wá gba owó oṣù, wọ́n á kọ́kọ́ nu ọwọ́ wọn mọ́ ṣòkòtò, wọ́n á wá mú bírò, wọ́n á sì kọ orúkọ wọn ní lẹ́tà kéwú láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì, pẹ̀lú ìrù gígùn kan tó yípo nísàlẹ̀. Wọn kì í kánjú sí i. Àwọn tó tò sẹ́yìn á máa kùn, Bàbá á ṣì máa fa ìrù náà lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, wọ́n gbé e sókè, wọ́n wò ó.

"Àǹtí, kí lẹ ní kí n sáìn yìí?"

"Ṣíà ni, Bàbá. Kọ́ńpìnnì ló ń rà á. Orúkọ yín la kàn fẹ́ yá."

"Orúkọ ṣe é yá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ṣáà fọwọ́ sí i, àwọn ènìyàn ń dúró. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Nínú kọ̀ǹpútà, àyè kan wà tó ń béèrè ẹni tó ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Mo kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ síwájú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kọ̀ǹpútà ò jiyàn, kò béèrè ìwé-ẹ̀rí. Ohun tí o bá ti sọ fún un náà ló gbà, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju ènìyàn lọ nígbà yẹn.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Bàbá Ẹ̀rọ ò padà wá láti Ifọ̀ ní Mọ́ńdè kan. Wọ́n ní ara wọn ò yá. Ẹnì kan ní ibà ni, ẹlòmíràn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà nílé, ẹnikẹ́ni nínú wa ò lọ wò wọ́n. Mi ò ní àwáwí kankan fún ìyẹn ju pé Ifọ̀ jìnnà, àwáwí burúkú sì ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí wọn tẹ̀ wá láago pé Bàbá ti kú, wọ́n sì ti sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Alága fi àpò ìrẹsì méjì ránṣẹ́. Mo yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé owó oṣù lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n lójú ewé àwọn ìpín, kò sí ohun tó yí padà, torí pé orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọjà ṣíà bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí pupa jáde, Alága ní kí n tún un tẹ̀, bóyá mo ṣì í tẹ̀. Mi ò ṣì í tẹ̀. Jímọ̀ kejì, pupa. Jímọ̀ kẹta, alágbàtà fúnra rẹ̀ ò fẹ́ gbé fóònù. Ilé ìfowópamọ́ tó yá wa lówó iṣẹ́ kọ lẹ́tà pé àwọn fẹ́ gba owó àwọn kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á gba ilẹ̀ tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀. Alága ní kí a ta gbogbo ìpín náà kíákíá kó tó di omi. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n ta tiwọn, ó bọ́ sí i. Ó ku ẹyọ kan, èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó ni orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ gan-an ò sí lọ́wọ́ wa. Àdírẹ́sì tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ní Ifọ̀.

Alága pè mí wọ yàrá rẹ̀.

"Ọmọ mi dáadáa, ta ló kọ àdírẹ́sì yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, ọmọ mi dáadáa. Lọ gbà á wá."

Ó tẹ alágbàtà láago níṣojú mi, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí n lè gbọ́. Alágbàtà ní tí ẹni tó ni orúkọ bá ti kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ló máa lọ gba ìwé ní kóòtù, ó sì lè tó ọ̀pọ̀ oṣù. Àmọ́ ó ní àwọn tó ń tọ́jú orúkọ onípìn-ín ní Èkó ò tíì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kú, àti pé tó bá jẹ́ pé bàbá náà ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kí ọlọ́jọ́ tó dé, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kí wa pé ó dàbọ̀.

Alága gbé fóònù sílẹ̀. "Mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ náà mọ kéwú kọ," ló wí. "Kó bá wa sáìn ín bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sáìn. Owó wa ni, a ò jí ti ẹnikẹ́ni. Tí o ò bá rí i mú wá títí Jímọ̀, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu láti wá ní Mọ́ńdè."

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni mo lọ. Láti Ibafo mo wọkọ̀ dé Berger, láti Berger mo gba Agége dé Sango, mo wá wọ ọkọ̀ Ifọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń to irọ́ tí mo fẹ́ pa. Màá ní ìwé kan tó jẹ mọ́ owó ìfẹ̀yìntì Bàbá ni mo wá gbà. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì kankan níbi kankan, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé èmi ni mo ń tọ́jú ìwé. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Bí mo ṣe ń rò ó ló ń yé mi sí i pé ní ti òfin, opó náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ìpín yẹn. Tó bá ní tòun ni, kò sí kóòtù tó máa dá a lẹ́bi. Ohun kan ṣoṣo tó sọ pé ti ilé-iṣẹ́ ni ni ìlà kan tí èmi tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Tí obìnrin náà bá lè mọ ìyẹn, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn, yàrá tí mo háyà náà á sì tẹ̀lé e.

Ilé náà ò jìnnà sí ojú irin. Àbúrò opó náà, obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, ní kí n wọlé, pé ẹ̀gbọ́n òun wà nínú tákàbá, wọn kì í jáde síta. Mo bá Màmá lórí ẹní nínú yàrá, aṣọ kan tí kò ní ọ̀ṣọ́ lára wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánà kẹ́ Bàbá, wọ́n ní àmín.

"Ṣé ìwọ ni Àǹtí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò?" ni wọ́n bi mí. "Ó máa ń sọ̀rọ̀ rẹ. Ó ní ọwọ́ rẹ yá, ẹnu rẹ náà yá."

Mo rẹ́rìn-ín tipátipá, mo sì bẹ̀rẹ̀ irọ́ mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán láìdá sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ sábẹ́ tìmùtìmù, wọ́n fa àpò ọ̀rá kan jáde. Ìwé-ẹ̀rí náà ló wà nínú rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ká a.

"Ṣé èyí ni? Àìsàn ti gbé e dè kí ìwé náà tó dé. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi tipẹ́tipẹ́ pé kọ́ńpìnnì yá orúkọ òun, pé tí ìwé bá dé, kì í ṣe tiwa, kí n fún ẹni tó bá wá gbà á. O ò bá má ti wulẹ̀ parọ́, ọmọ mi."

Mi ò mọ ìgbà tí ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó yẹ kí n gba ìwé náà, kí n dúpẹ́, kí n sì máa lọ. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ń bọ̀, fọ́ọ̀mù sì wà nínú báàgì mi.

Mo mú un jáde. Mo ṣàlàyé fún wọn: ibi tí ó yẹ kí Bàbá fọwọ́ sí, ìdí tí kò fi lè dúró, àti pé àwọn nìkan ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà yẹn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mo ń gbọ́ ohùn ara mi. Wọ́n wo fọ́ọ̀mù náà, wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Ìwé yẹn, tiyín ni, mo ti fún yín," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ yẹn ni mi ò ní. Wọ́n ti sin ín."

"Màmá, kéwú náà ni, ẹ sì mọ̀ ọ́n kọ."

"Mo mọ̀ ọ́n kọ. Orúkọ tèmi ni mo lè kọ." Wọ́n ka ọjọ́ lórí tẹ̀sùbáà. "Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni tákàbá. Mo ti lo oṣù kan ó lé díẹ̀. Tí mo bá ti jáde, mo máa wá bá yín ní Ibafo, a jọ máa lọ sí kóòtù, mo máa sọ fún wọn pé ti kọ́ńpìnnì ni, àwọn ọmọ mi náà á wá sọ bẹ́ẹ̀. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí."

Èmi náà kà á. Ó ku oṣù mẹ́ta. Tó bá fi máa di ìgbà yẹn, ìpín náà ò ní ra àpò àgbàdo.

"Màmá, iṣẹ́ mi ló ń lọ yìí."

"Ọlọ́run á pèsè òmíràn."

Inú bí mi. Kí n má purọ́, inú bí mi sí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó jókòó sínú yàrá kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní ohun tó lè sọ pé tòun ni. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó rọrùn fún ẹni tí kò ní ọ̀gá láti jẹ́ olóòótọ́. Mo kó ìwé-ẹ̀rí náà àti fọ́ọ̀mù sínú báàgì mi, mo dìde, mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo sì gba ọ̀nà Sango lọ.

Ní òwúrọ̀ Tọ́sìdeè, Alága gbé ìwé-ẹ̀rí náà yẹ̀ wò, inú rẹ̀ dùn. Ó wá rí fọ́ọ̀mù, ó rí i pé àyè ìfọwọ́sí ṣófo. Mo ṣàlàyé fún un ohun tí Màmá sọ. Kò bínú. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà padà síwájú mi.

"Ta ló máa ń rí ìfọwọ́sí yẹn lóṣooṣù jù lọ nínú ilé-iṣẹ́ yìí?" ló bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Títí dòní, tí wọ́n bá bi í, á ní òun ò ní kí n fọwọ́ sí ohunkóhun, kò sì ní parọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ṣe é. Mo kó àwọn ìwé owó oṣù ọdún méjì jáde láti inú fáìlì, mo tò wọ́n síwájú mi. Ìfọwọ́sí Bàbá wà lórí gbogbo wọn. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo mú bébà funfun. Lákọ̀ọ́kọ́, láti òsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe ń kọ gbogbo nǹkan, ohun tó jáde ò jọ ohunkóhun. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ọwọ́ mi ò mọ ọ̀nà. Mo kọ ogún, mo kọ ọgbọ̀n, mo ń ya wọ́n, mo ń tẹ̀ wọ́n sínú báàgì mi. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá dún ní kọ́rídọ̀ ni mo máa ń fi fáìlì bò ó. Àfi ìgbà tí mo rántí bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ síkẹ́ẹ̀tì. Mi ò kánjú mọ́. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ọ́.

Nígbà tí ó jọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra, mo fa fọ́ọ̀mù mọ́ra, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ku ọjọ́ tí màá sọ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Mo ṣí ìwé owó oṣù lórí kọ̀ǹpútà láti wo ọjọ́ tí mo yọ orúkọ wọn, kí n má baà ṣèèṣì kọ ọjọ́ tí wọ́n ti kú. Mo yan ọjọ́ kẹjọ ṣáájú ikú wọn. Kọ̀ǹpútà ní wọ́n ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ wa lọ́jọ́ náà, ohun tí mo yẹ̀ wò kò ju ìyẹn lọ.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ tí mo kọ ọ́ bọ́ sí, èrò tó ń lọ ṣe ìsìn òru ní Kám̀pù ti dí ojú ọ̀nà márosẹ̀ pa. Mo fi ẹsẹ̀ rìn gba àárín àwọn ọkọ̀ kọjá sí òdìkejì kí n lè rí ọkọ̀ Èkó wọ̀, àpò ìwé náà wà ní àyà mi. Mo fi í lé alágbàtà lọ́wọ́ fúnra mi. Ọjọ́ mẹ́wàá la fi dúró. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, mi ò lè jẹun yó. Tí fóònù bá dún, ẹlòmíràn ni mo máa ń jẹ́ kó gbé e. Mo rò ó pé àwọn tó ń tọ́jú orúkọ onípìn-ín á wá ẹnì kan tó gbọ́ kéwú ní Èkó, kò sì sí ibi tí àwọn tó gbọ́ kéwú pọ̀ sí bí Èkó. Mo ń rí ara mi ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Wọn ò wá ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà á. Wọ́n ta ìpín náà, owó wọlé, Alága san gbèsè rẹ̀, ilẹ̀ bọ́. Mo tẹ títà náà sínú kọ̀ǹpútà, ìlà náà di òdo, ó sì kúrò lójú ewé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, níbi àdúrà òwúrọ̀, Alága ní kí n bọ́ sáàárín, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ na ọwọ́ sí mi, wọ́n gbàdúrà fún mi. Ó fi owó kún owó oṣù mi. Inú mi dùn. Mo ra fíríìjì kékeré kan sí yàrá mi ní Mowe. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn lójú mi, pé inú mi dùn, mo sì sùn dáadáa.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lọ́jọ́ Túsìdeè kan, ẹni tó ń ṣọ́ géètì wá sọ fún mi pé ìyá kan ń béèrè mi. Màmá ni, àwọn àti àbúrò wọn. Wọ́n ti wọ híjáàbù tó mọ́, wọ́n sì gbé fáìlì kékeré kan dání, ìwé ìgbéyàwó wọn àti ìwé ìbí àwọn ọmọ wọn ló wà nínú rẹ̀. Láti àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti kúrò ní Ifọ̀.

"Mo ti jáde," ni wọ́n wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sí kóòtù. Mo kó ohun gbogbo tí wọ́n lè béèrè wá."

Mo gbé àga fún wọn. Ilẹ̀kùn Alága wà ní ṣíṣí díẹ̀, mo mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀. Kò jáde. Mo ní kí Màmá má ṣe ìyọnu mọ́, pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, wọ́n ti ta á.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀. "Ta ló sáìn ín?"

Mo wo ilẹ̀kùn Alága. Wọ́n ní kí n fi hàn àwọn. Mo lè sọ pé ìwé ti wà ní Èkó, irọ́ kékeré ni, mo sì mọ̀ ọ́n pa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sídìí fáìlì, mo yọ ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà, mo gbé e fún wọn.

Wọ́n fi ìka tọ ìfọwọ́sí náà láti ọ̀tún wá sí òsì, wọ́n tọ ìrù rẹ̀ títí ó fi parí.

"Ó jọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ó jọ tiẹ̀ gan-an."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka sí nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n bi mí ọjọ́ tí ó jẹ́. Mo kà á fún wọn. Wọ́n kà á padà lórí ìka ọwọ́ wọn láti ọjọ́ ikú, wọ́n sì wo àbúrò wọn. Àbúrò wọn yíjú sí ògiri.

"Apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú lọ́jọ́ yẹn," ni Màmá wí. "Ohùn rẹ̀ náà ti lọ. Ó fi ojú bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní bírò, ó fẹ́ kọ nǹkan kan sílẹ̀ fún mi. Mo fi bírò sí i lọ́wọ́, ó bọ́. Mo tún fi sí i, ó bọ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ fún mi títí di báyìí."

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Wọn ò bá mi wí, wọn ò sì ní kí n dìde. Wọ́n béèrè bóyá àwọn lè mú ẹ̀dà ìwé náà lọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ká a, wọ́n fi sáàárín ìwé ìgbéyàwó wọn, wọ́n sì bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì ibi tí wọ́n á ti wọ ọkọ̀ Berger.